Wolé-wolé Lọ Gbafẹ́ ní Chicago

Ó tọ́ kí á kéde rẹ̀ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a fi pamọ́: kí Lowell Tjaden tó mu omi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóòórùn ife. Kì í ṣe omi ló ń gbóòórùn o, ife ni. Á gbé e dé imú, á di ojú, á fa èémí lẹ́ẹ̀mejì, èkíní kúkúrú, èkejì gígùn, á wá gbé ife kalẹ̀ bí adájọ́ tó fẹ́ dá ẹjọ́ ikú. Bí ife bá yege, á mu omi. Bí kò bá yege, òùngbẹ ni yóò gbé Lowell délé. Ó ṣe é níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó ṣe é níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, ó sì ṣe é lójú pásítọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ife náà fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Lowell fi ṣe wolé-wolé ní agbègbè wa ní Iowa, níbi tí àgbàdo ti pọ̀ ju ènìyàn lọ fíìfíì. Gbogbo ilé oúnjẹ tó wà ní ìlú mọ́kànlá ló ń wọ̀ kiri, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ìwé, àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ojú bí aago, èyí tí wọ́n ń kì bọ inú ẹran láti mọ bó ṣe gbóná tó. Àpò ṣẹ́ẹ̀tì ni irin náà ń gbé, láàárín bírò àti kọ́ǹbù. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ó ti rí eku tó kú sínú ìyẹ̀fun, tí wọ́n yọ eku tí wọ́n sì lo ìyẹ̀fun. Ó ti rí alásè tó fi ọ̀bẹ gé èékánná ẹsẹ̀, tó nù ún mọ́ itan, tó sì padà sídìí tòmátì. Ìgbà tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́ gan-an ló máa ń rántí ìwọ̀nyí.

Ibì kan ṣoṣo ni irin Lowell kò dé rí, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń jẹun pọ̀ lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ inú oṣù. Kálukú á gbé àwo tirẹ̀ wá láti ilé, á ti lẹ bébà mọ́ ìdí rẹ̀, á kọ orúkọ sí i kí àwo má bàa sọnù. Òfin kò kan irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, Lowell sì fẹ́ràn òfin. "Oúnjẹ tí mo bá ti mọ orúkọ tó wà nídìí àwo ẹ̀," ló máa ń wí, "kì í ṣe oúnjẹ tí èèyàn ń yẹ̀ wò."

Corrine, ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ wa kó tó fẹ̀yìn tì, ti fara da gbogbo èyí fún ogójì ọdún. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n wakọ̀ lọ sí Des Moines láti lọ jẹun bí ọmọlúàbí. Ọbẹ̀ kò tíì dé orí tábìlì tí Lowell ti wà ní kíṣìnì tó ń fi ìka ra ògiri. Wọ́n lé wọn jáde. Inú mọ́tò ni Corrine ti fi ẹ̀pà ilé epo ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà, pẹ̀lú aṣọ àrán rẹ̀ lọ́rùn. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá ọkọ rẹ̀ jẹun níta mọ́.

Àmọ́ ó ní nǹkan kan nínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnì, lábẹ́ àwọn aṣọ ìnuwo. Àwòrán pẹ́pẹ́yẹ sísun ni, tó ń dán bí bàtà tuntun, tí ó ya nínú ìwé ìròyìn kan lọ́dọ̀ onísègùn eyín lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ilé oúnjẹ kan ní Chicago ni wọ́n ti ń sè é. Nígbà tí ogójì ọdún wá ń pé bọ̀, Corrine gbé àwòrán náà sórí tábìlì níwájú ọkọ rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta la máa lò," ló wí. "O lè gbóòórùn gbogbo Chicago bó ṣe wù ẹ́. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, láti aago márùn-ún títí di aago méje, mo fẹ́ jẹ pẹ́pẹ́yẹ yìí. O ò ní bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ẹnu tó o bá là, oúnjẹ ni kó o fi síbẹ̀."

"Tí mo bá wá rí aáyán ńkọ́?"

"Kẹ́ ẹ kí ara yín."

"Corrine, aáyán kan tó o bá rí, igba ló wà nínú ògi—"

"Lowell Gene."

Bí Corrine bá ti pe orúkọ méjèèjì, ajá wọn pàápàá máa ń jáde síta.

"Wákàtí méjì ni mo tọrọ nínú ogójì ọdún," ni obìnrin náà wí. "Tó ò bá lè fún mi, á jẹ́ pé mo ti mọ ibi tí ayé mi kù sí nìyẹn. Àbúrò mi ti ń bẹ̀ mí láti èṣí pé ká jọ lọ sí Portugal. Màá bá a lọ, àti ibòmíì tó bá tún fẹ́ lọ lẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ àti irin ẹ, kẹ́ ẹ jókòó ti ara yín."

Lowell mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, bí ẹni tó wà ní kóòtù. "Mo búra. Mi ò ní sọ̀rọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Vonda, ẹ̀gbọ́n Lowell obìnrin, gbé kúlà kan wá. Sáńwíìṣì ẹyin mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀, ẹyin sísè tó fọ́ mọ́ máyónéèsì tó sì há sáàárín búrẹ́dì funfun, lórí yìnyín. Ó ti lẹ bébà mọ́ ìdí kúlà náà: VONDA.

"Ẹ má jẹ nǹkan kan níbẹ̀ yẹn o," ni Vonda wí. "Ológbò ni wọ́n ń sè fáyé jẹ."

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni Corrine bi í.

"Ṣé gbogbo nǹkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ féèyàn ni? Mo kàn mọ̀ ọ́n ni."

Oṣù kẹfà ni, oòrùn ń ràn bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Àyè ẹ̀yìn mọ́tò ti kún fún aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì Lowell, ìrọ̀rí Lowell, àti ike ọtí kíkan ńlá méjì tí Lowell fẹ́ fi nu hòtẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, inú bútù ni kúlà wọ̀, wákàtí mẹ́jọ gbáko.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, Lowell kò jẹ́ kí Corrine jókòó. Ó gbé fóòmù sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì wá ìdun. Kò rí ìdun, ó rí irun. Ó pe Corrine wá wò ó, ó ní kò jọ irun orí. Ó mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ìka méjì, ó jù ú sínú ọ̀rá.

"Èyí ni nǹkan tó dọ̀tí jù ní hòtẹ́ẹ̀lì," ló wí, "lẹ́yìn ẹ̀rọ yìnyín."

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ yìnyín?"

"Nǹkan dúdú ló ń hù nínú ẹ̀, ó máa ń yọ̀ bí ikun. Mo ti tú mẹ́tàdínlógún láyé mi. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn ló ní in."

"Yìnyín tó wà nínú kúlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán o. Mo fẹ́ bu díẹ̀ kún un níta."

Ojú tí Lowell fi wò ó, ẹ óò rò pé ilé ìyàgbẹ́ ló ní òun fẹ́ ti bù ú wá.

"Fíríìjì kékeré yẹn wá ńkọ́?"

Lowell ṣí fíríìjì, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó pa á dé. "Ẹnì kan ti gbé ẹja síbí rí."

Bí kúlà Vonda ṣe jókòó sídìí fèrèsé nìyẹn, níbi tí oòrùn ti lè rí i dáadáa.

Kí n má purọ́ mọ́ Lowell: nínú gbogbo ohun tó sọ nípa Chicago lọ́jọ́ kejì, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìlú náà dọ̀tí. Ẹyẹlé ẹlẹ́sẹ̀ kan ló kọ́kọ́ pàdé wọn lójú títì, ó ń ṣa èébì ẹnì kan jẹ lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí òpó kọjá láàárín àwọn ilé àwòṣífìlà, bàtà ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ á dún ṣẹ̀ẹ́. Òórùn ìtọ̀ ń jáde látìdí ìjókòó. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù àti táì bọ́ bàtà, ó yọ ìgékánná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wà ní pálọ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀kan ta, ó bà lé orúnkún Lowell.

Lowell wo èékánná náà. Èékánná náà kò kúrò níbẹ̀.

"Má bínú, ọ̀gá," ni oníkóòtù wí, ó na ọwọ́, ó mú un kúrò, ó sì fi sápò.

"Ó fi sápò," ni Lowell sọ sí Corrine létí. "Corrine, ó fi sápò."

"Mo rí i, Lowell. Wo ìta. Wo odò yẹn, ó mà rẹwà o."

Wọ́n dé ibi irin ńlá dídán yẹn tó rí bí kóró ẹ̀wà, tí gbogbo ayé ń lọ wo ojú ara wọn níbẹ̀. Corrine wo ojú tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, nítorí irin náà sọ orí rẹ̀ di gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ìgbá. Ọwọ́ àwọn èèyàn ni Lowell ń kà ní tirẹ̀.

"Ọgọ́rin ó lé mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó tì o, ọmọ yẹn ti lá a! Ó fi ahọ́n lá a! Ìyá ẹ̀ ń yà á ní fọ́tò! Corrine, má fọwọ́ kàn án."

Corrine na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó gbé wọn lé irin náà, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ títí tí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lowell na bébà apakòkòrò sí i, kò gbà á.

Lọ́sàn-án, Corrine ra písà ìlú náà, èyí tó ga bí Bíbélì, tí wàràkàṣì rẹ̀ ń fà bí gọ́ọ̀mù. Ìdúró ló fi jẹ ẹ́, epo ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Lowell jókòó tì í lórí bébà tó tẹ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá, ó ń jẹ sáńwíìṣì Vonda, ó sì ń ṣàlàyé fún un bí eku ṣe ń tọ̀ bó ti ń rìn, láìdúró. Wọ́n gun ilé kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ọ̀run lọ. Láti òkè, Corrine rí adágún omi náà, àwọ̀ aró, kò sí òpin. Omijé fẹ́ wá sójú rẹ̀. Lowell tẹjú mọ́ gíláàsì tí wọ́n ń wò ó gbà.

"Ẹnì kan ti sín síbí," ló wí.

Nígbà tó di aago márùn-ún, wọ́n wọ ilé oúnjẹ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni, kò tíì sí oníbàárà kankan. Nílùú wa, ẹni tí kò bá tíì jẹun alẹ́ ní aago mẹ́fà, àìsàn ló ń ṣe é. Corrine wọ aṣọ àrán ọjọ́sí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Terrence, ẹni tó ń gbé oúnjẹ, bá a fa àga sẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ káàbọ̀, sà. Ó jọ pé ẹ̀ ń ṣàjọ̀dún."

"Ogójì ọdún ìgbéyàwó," ni Corrine wí.

"Ogójì! Ọ̀gá, ẹ sọ àṣírí ẹ̀ fún wa."

Lowell la ẹnu. Ó wo Corrine. Ó pa ẹnu dé, ó fi ìka kàn án, ó wá tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀.

"Àṣírí ẹ̀ nìyẹn," ni Corrine wí.

Omi dé. Lowell gbé ife sókè dé imú, ẹsẹ̀ Corrine sì ti bá a lójúgun lábẹ́ tábìlì. Ó mu ún láìgbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó mu ún. Ọbẹ̀ dé, ó mu ọbẹ̀. Búrẹ́dì dé, wọn kò fi nǹkan bò ó, Lowell wo búrẹ́dì, ó gbé e mì. Fún ogójì ìṣẹ́jú, Corrine nìkan ló ń sọ̀rọ̀: ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé níbi ìdíje ẹlẹ́dẹ̀, yìnyín tó já lulẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ọmọ wọn. Lowell ń mi orí. Ó wá ń jọ Corrine lójú pé láti ogún ọdún, àwọn kò tíì sọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí rí.

Pẹ́pẹ́yẹ wá dé. Ó dán gẹ́gẹ́ bí ti àwòrán. Corrine gé e. Inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, omi ẹran sun jáde díẹ̀ sórí àwo.

Lowell di tábìlì mú. Òógùn yọ ní iwájú orí rẹ̀. Ó wo ẹran, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ti gbé fọ́ọ̀kì sókè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì rìn lọ sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó yọ irin. Ó nawọ́ kọjá àbẹ́là, ó kì í bọ inú pẹ́pẹ́yẹ Corrine, jọ̀ọ́. Ó dúró títí ọwọ́ aago rẹ̀ kò fi rìn mọ́. Ó wá yí i sí Terrence pé kó wò ó, ó sì gbé ìpéǹpéjú sókè.

"Lowell Gene!"

Lowell tọ́ka sí ẹnu rẹ̀ tó wà ní pípadé.

Terrence lọ. Obìnrin kúkúrú kan ló bá a jáde, ẹni bí ọgọ́ta ọdún, aṣọ funfun, apá bí ti abẹ́gi. Danuta lorúkọ rẹ̀, òun ló ni ilé oúnjẹ.

"Ta ló ki nǹkan bọ ẹran mi?"

Lowell na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Wolé-wolé ni yín?"

Lowell mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé wọ́n yadi ni?" ni Danuta bi Corrine.

"Ìbá wù mí," ni Corrine wí.

"Bí mo ṣe ń sè é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe sè é. Àmọ́ kí ẹ má bàa lọ máa sọ kiri pé mo lé yín." Obìnrin náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kíṣìnì mi nìyẹn. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹ máa bọ̀."

"Lowell," ni Corrine wí wẹ́rẹ́, "tó o bá dìde níbẹ̀ yẹn."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń dá a dúró. Wọ́n á ní ọ̀gá kò sí nílé, wọ́n á ní kọ́kọ́rọ́ sọnù. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí pé kó máa bọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó nu ẹnu, ó dìde.

Corrine jókòó pẹ̀lú ìtìjú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Danuta fi pẹ́pẹ́yẹ mìíràn ránṣẹ́ sí i, èyí tí irin kò kàn. Ó gé díẹ̀, ó fi sẹ́nu. Awọ rẹ̀ ń ró wọ́ọ́wọ́ọ́, ẹran abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó dùn, ọsàn wà níbì kan nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ eku. Ó gé òmíràn.

Terrence ń mú ìròyìn wá bó ṣe ń mú oúnjẹ wá.

"Mà, wọ́n ti dojú bolẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọwo."

"Ṣé ó rí nǹkan kan?"

"Rárá, mà. Ẹ gba wáìnì díẹ̀ sí i."

Nígbà tó tún dé: "Wọ́n ti gun àga, mà. Wọ́n ń fi ìka nu orí fíríìjì."

"Ìka ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó funfun ni, mà. Inú wọn ò dùn rárá."

Corrine jẹ ẹran tirẹ̀ tán. Ó fa àwo Lowell sọ́dọ̀, ó jẹ ìdajì rẹ̀.

Ìròyìn tó kẹ́yìn ni Terrence kò lè sọ tán láìdi ẹnu mú. "Mà, ọ̀gá wa ní kí ọkọ yín kó ohun tó wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀. Ó bi wọ́n pé irin tẹ́ ẹ kì sínú ẹran ìyàwó yín, ẹ̀gbẹ́ kọ́ǹbù ló ń sùn? Irun kan wà lára ẹ̀, mà. Ó gùn tó báyìí. Ó ní kí wọ́n lọ fọwọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́. Ó ní kò pẹ́ tó, kí wọ́n padà lọ fọ̀ ọ́."

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méje lù, Lowell jáde. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n, ó ń rùn fún ọṣẹ. Ó jókòó bí ẹni tó ti ìtẹ́ òkú bọ̀.

"Ó mọ́," ló wí.

"Kí ló mọ́?"

"Kíṣìnì ẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ó wo àwo rẹ̀. "Ta ló jẹ ẹran mi?"

"Èmi ni."

"Èyí tó kù ti tutù. Kò ṣeé jẹ mọ́, tó bá ti kúrò ní ìgbóná tó—"

"Aago méje ò tíì lù, Lowell," ni Corrine wí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló sì burú jù. "O ti sọ̀rọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ebi ti fẹ́ pa Lowell. Ó ṣí kúlà. Yìnyín ti di omi, omi náà ti lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, búrẹ́dì ti mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyin ti ṣú díẹ̀. Corrine ló gbé ọ̀kan sókè, tó gbé e dé imú, tó sì dá a padà kíá.

"Lowell, gbóòórùn èyí."

"Vonda ló ṣe é."

"Mo mọ ẹni tó ṣe é. Mo ní kó o gbóòórùn ẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Corrine." Ó dùn ún bí ẹni pé wọ́n bú ìdílé rẹ̀. Ó jẹ mẹ́rin.

Ní aago mẹ́wàá, wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé àwọn àlejò káàkiri odò láti wo àwọn ilé àwòṣífìlà. Ọmọbìnrin kan ń fi gbohùngbohùn ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yí odò náà padà láyé àtijọ́ kí ìdọ̀tí ìlú má bàa ṣàn wọ inú omi mímu. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Lowell bọ́ fìlà rẹ̀. Corrine rò pé ó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ni. Lowell bì sínú fìlà. Fìlà kún. Èyí tó kù fọ́n sórí bàtà funfun obìnrin kan tó jókòó níwájú, ó gbà lábẹ́ àga, ó ṣàn lọ sẹ́yìn, yẹ́lò, pẹ̀lú búrẹ́dì tí kò tíì yí padà. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, mi ò sì ní gbìyànjú.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀bùn Chicago! Wọ́n ń dìde lórí ìjókòó, wọ́n ń fi aṣọ dí imú. "Ẹ̀gbin wo rèé?" "Látibo ni wọ́n ti gbé eléyìí wá?" Ìgò ọṣẹ apakòkòrò ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà wọ ìbọ̀wọ́, ó fi tépù yẹ́lò yí ìjókòó Lowell po, irú èyí tí Lowell fúnra rẹ̀ ti fà sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ mẹ́sàn-án nílẹ̀ wa. Ó jókòó sí àárín rẹ̀, fìlà lọ́wọ́.

Corrine ti ṣí lọ sí iwájú ọkọ̀. Obìnrin oníbàtà funfun tọ̀ ọ́ lọ. "Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n?"

Corrine wo ilé gíga kan títí ọkọ̀ fi kọjá rẹ̀. "Ìlú kan náà la ti wá," ló wí.

Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ike ọtí kíkan kan ti ṣófo, Lowell sì ń lò ó lọ́nà mìíràn.

"Omi tó o ní kí n mu láìgbóòórùn ife yẹn ni," ló wí.

"Ẹyin Vonda ni."

"Kò lè jẹ́ ẹyin Vonda."

"Ó jáde, Lowell. Gbogbo wa la rí i. Ẹyin ni."

"Tó bá jẹ́ ẹyin ni, ìlú yẹn ló ṣe é."

Corrine tan rédíò, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè títí wọ́n fi wọ Iowa.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù keje ni gbogbo wa tún pàdé nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Corrine ti sọ ti pẹ́pẹ́yẹ fún mi lórí kọfí, ọ̀nà méjì ni mo sì ti gbọ́ ti ọkọ̀ ojú omi. Lára fíríìjì rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà sí Portugal wà, ó ti kọ ọ́ tán, ó ti lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Ẹyọ kan ni. Lowell ti bi í lẹ́ẹ̀mejì pé tòun dà. Ó ní kó lọ wò ó bóyá ó wà nínú kúlà.

Lowell ń ròyìn Chicago fún gbogbo tábìlì: èékánná, ẹyẹlé, ọmọ tó lá irin, àti bí oúnjẹ ìlú náà ṣe fẹ́ pa òun. Kò dárúkọ Danuta. Àwọn èèyàn wa ń mi orí, wọ́n ń kó ara wọn jọ, inú wọn ń dùn.

"Ṣé mo ò sọ fún yín?" ni Vonda wí. "Ìyà tó jẹ ẹ́ níbẹ̀ yẹn! Ó dára kó o jẹ oúnjẹ gidi."

Ó gbé abọ́ ẹyin rẹ̀ dìde, èyí tó ti wà lójú fèrèsé láti ìgbà tí a ti ń kọ orin àkọ́kọ́, ó sì fi ṣíbí ńlá bù ú fún àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Corrine wo àwo náà. Ó wo Vonda. Ó mú fọ́ọ̀kì tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ànàmọ́. Lowell gbé ife omi sókè, ó di ojú, ó fa èémí kúkúrú, ó fa èyí tó gùn, ó mi orí, ó gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wá dojú kọ ẹyin náà, ó jẹ ẹ́ tán láìgbóòórùn rẹ̀. Vonda ti gbé abọ́ náà kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ṣíbí wà lókè, gbogbo tábìlì sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ṣíbí mélòó ni kí n ní kó bù fún yín?